Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Ọ̀nà Ítálì Bẹ̀rẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀sì Nínú Ìdíje

Ọmọ tó kọ́kọ́ nà mí nínú ìdíje kò lè ju ọmọ ọdún 11 lọ. Nígbà tó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Gbọ̀ngán kan ni, ní Surulere, lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ti pa mí láti Ojúẹlẹ́gba débẹ̀, tí bàtà mi ń dún ṣọ̀ṣọ̀ lábẹ́ tábìlì. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní àdúgbò wa ní Yaba. Àwọn baba tó ń ta dáráfù lábẹ́ igi níbẹ̀ ti ń pè mí ní ọ̀ta. Ìgbésẹ̀ 7 péré ni ọmọ náà fi pa ọba mi. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó fọwọ́ sí ìwé èsì, ó jáde lọ ra pọ́fù-pọ́fù. Àwọn tó wà lórí tábìlì yòókù kò tíì kó àwọn ẹṣin wọn jáde tán.

Ohun tó ṣe mí ni pé mo mọ ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ìdí wọn. Mo ti wo fídíò, mo ti há a sórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń há ìsọdipúpọ̀ sórí. Nígbà tí ọmọ yìí wá ta ohun tí kò sí nínú fídíò, ojúkòkòrò ló gbé mi lọ. Nítorí náà, ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọ́ yín sọ́nà lé lórí níbí, pẹ̀lú ìdí tí ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan fi ń lọ síbi tó ń lọ. Ẹni tí kò bá tíì mọ bí ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù ṣe ń rìn, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ ìyẹn ná. Ọ̀sán ọjọ́ kan ti tó fún un.

Ọpọ́n àti bí a ṣe ń kà á

Ọpọ́n tí mo ń lò jẹ́ rọ́bà tí a máa ń ká bí ẹní. Ó wọ inú báàgì, òjò Èkó kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ, kí ilé tó wà ní igun ọwọ́ ọ̀tún yín jẹ́ funfun. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré o. Mo ti rí àgbàlagbà méjì tí wọ́n ta ayò fún odidi wákàtí kan lórí ọpọ́n tó dojú kọ ẹ̀gbẹ́, tí ìkankan nínú wọn kò fura.

Ilé 64 ló wà lójú ọpọ́n. Òpó mẹ́jọ tó lọ sókè ní lẹ́tà, láti a dé h. Ìlà mẹ́jọ tó dábùú ní nọ́ńbà, láti 1 dé 8, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta funfun la sì ti ń kà á. Ilé tí ọba funfun jókòó sí ni e1. K ni ọba, Q ni ayaba, R ni rúùkù, B ni bíṣọ́ọ̀bù. Ẹṣin ló gbé wàhálà wá: knight ni òyìnbó ń pè é, K ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, ọba sì ti gba K tán, ni wọ́n bá fún ẹṣin ní N. Pọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ kò ní lẹ́tà kankan. Mẹ̀kúnnù ni, ilé tó bá dé la fi ń pè é. Bí ẹ bá rí x, wọ́n jẹ nǹkan. Bí ẹ bá rí +, ṣẹ́ẹ̀kì ni, ìyẹn ni pé ọmọ kan ti dójú lé ọba. O-O sì ni ká fi ọba wọlé (castling lẹ́nu òyìnbó) lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí rúùkù fò ó kọjá wá ṣọ́ ọ.

Ẹ fi ọjọ́ méjì ka àmì wọ̀nyí dáadáa, nítorí nínú ìdíje alákòókò gígùn, dandan ni kí ẹ máa kọ gbogbo ìgbésẹ̀ tiyín àti ti ẹnìkejì yín sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́

Funfun la ń ta. Ẹ sún pọ́ọ̀nù tó wà níwájú ọba lọ sí e4. Ẹ ti gba ilé kan ní àárín ọpọ́n, ẹ sì ti ṣílẹ̀kùn fún bíṣọ́ọ̀bù àti ayaba pa pọ̀. Àárín tí mò ń wí ni e4, d4, e5 àti d5. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ dà bí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní oríta Ojúẹlẹ́gba: ibi yòówù kí èrò máa lọ, iwájú rẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Ọmọ ayò tó bá dé àárín lè yà sí apá òsì tàbí ọ̀tún kíá. Èyí tó bá wà létí ọpọ́n, Ọlọ́run ló mọ ìgbà tó máa débi ìjà.

Dúdú á dáhùn pẹ̀lú e5. Ẹ gbé ẹṣin yín sí f3. Ẹṣin yìí dójú lé pọ́ọ̀nù e5 rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí náà dúdú kò lè máa ṣe bó ṣe wù ú. Ó ní láti ṣọ́ ọ. Ẹṣin tirẹ̀ ló sábà máa ń gbé sí c6. Ẹ wá mú bíṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ̀ ọba jáde lọ sí c4.

1.e4 e5 2.Nf3 Nc6 3.Bc4. Ítálì nìyẹn.

Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ wo ibi tí bíṣọ́ọ̀bù yẹn ń wò. Ó ń la ọpọ́n já lọ sí f7. Gbogbo pọ́ọ̀nù dúdú yòókù ló ní ọmọ mìíràn tó lè gbèjà rẹ̀, àmọ́ f7 kò ní alágbàwí kankan àyàfi ọba fúnra rẹ̀. Ilé tí baálé nìkan ń ṣọ́ kì í pẹ́ kó tó di ibi tí olè ń fojú sí. Ọ̀pọ̀ ìjàm̀bá tó máa ṣẹlẹ̀ nínú Ítálì, inú f7 ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Greco, ará Calabria ní gúúsù Ítálì, ti ń kọ àwọn ayò rẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1620. Èyí tó jẹ́jẹ́ jù nínú rẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Giuoco Piano, bí ẹni ń sọ pé ayò pẹ̀lẹ́. Ìgbà kan wà tí àwọn ọ̀gá ńlá pa á tì, tí wọ́n ń gbé bíṣọ́ọ̀bù wọn sí b5 dípò c4. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2000 ní London, Kramnik fi ọ̀nà ìdáàbòbò kan tí wọ́n ń pè ní Berlin dí ọ̀nà b5 yẹn mọ́ Kasparov lójú títí tó fi gba adé àgbáyé lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ayé wá ń ta Berlin tán, ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń ta funfun rọra padà sí c4. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ayò àwọn ọmọdé ni Ítálì, ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ.

Bí dúdú bá gbé ẹṣin sí d4

Ẹbìtì tó mú mi nìyí. Dúdú á gbé ẹṣin rẹ̀ kúrò ní c6, á jù ú sí d4. Pọ́ọ̀nù e5 ti wà níhòòhò, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ mọ́. Ọwọ́ mi yára ju ojú mi lọ: 4.Nxe5. Mo tilẹ̀ rántí pé mo rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọmọ náà sún ayaba rẹ̀ wá sí g5. Ayaba yìí ń wo ẹṣin mi, ó tún ń wo pọ́ọ̀nù g2 mi. Èmi náà wo ọpọ́n, mo rí i pé ẹṣin mi lè jẹ f7, kó dójú lé ayaba àti rúùkù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jẹ ẹ́ kíákíá. Ó jẹ g2. Mo gbé rúùkù mi sá lọ sí f1. Ayaba rẹ̀ jẹ e4: ṣẹ́ẹ̀kì. Mo fa bíṣọ́ọ̀bù mi padà sí e2 láti dínà. Ẹṣin tó ti wà ní d4 láti ọjọ́ yìí wá fò sí f3, ó parí.

Ẹ tò ó sórí ọpọ́n kí ẹ rí ikú náà. Ayaba mi wà ní d1, rúùkù ní f1, bíṣọ́ọ̀bù ní e2, pọ́ọ̀nù ní d2 àti f2. Àwọn ará ilé ọba ló dí gbogbo ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Bíṣọ́ọ̀bù ì bá jẹ ẹṣin yẹn, ṣùgbọ́n ayaba dúdú wà ní e4, ó ń wo ọba láti ẹ̀yìn rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù kò lè yẹsẹ̀.

Àwọn òyìnbó fi orúkọ Blackburne, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì kan ní England láyé àtijọ́, àti owó ṣílè pe ẹbìtì yìí. Wọ́n ní ó máa ń fi gba ṣílè kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ayò fún fàájì. Ẹni tó bá ti ta ayò owó lábẹ́ bíríìjì rí ní Èkó yóò mọ irú ènìyàn tí wọ́n ń wí.

Ìdáhùn rẹ̀ kò le rárá. Ẹ fi ẹṣin jẹ ẹṣin: 4.Nxd4. Òun á fi pọ́ọ̀nù jẹ padà, 4...exd4 (àmì mẹ́ta yẹn ni pé dúdú ló ta á, e sì ni òpó tí pọ́ọ̀nù rẹ̀ ti wá). Ẹ wá fi ọba wọlé. Ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù: dúdú fi ẹṣin kan rìn lẹ́ẹ̀mejì, ẹṣin náà sì ti lọ, pọ́ọ̀nù rẹ̀ méjì ti to ara wọn lẹ́yìn ní òpó d, kò ní ọmọ kankan níta. Ẹ̀yin ní bíṣọ́ọ̀bù níta, ọba yín sì ti wọlé. Ẹbìtì tí kò pa eku, ó yẹ kó fẹyìn fẹ́lẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi nǹkan sílẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ọpọ́n, mo máa ń wò ó bí mo ṣe ń ka ṣéńjì lọ́wọ́ kọ́ńdọ́ danfo.

Bí dúdú bá ta d6, tó sì fi bíṣọ́ọ̀bù mú ẹṣin yín

Èyí ni ẹ máa pàdé jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ní àdúgbò. Wọ́n á ta 3...d6. Ẹ mú ẹṣin kejì jáde: 4.Nc3. Wọ́n á sáré gbé bíṣọ́ọ̀bù sí g4, kó dójú kọ ẹṣin f3 yín, tí ayaba wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú wọn á máa dùn pé wọ́n ti de ẹṣin mọ́lẹ̀, nítorí bí ẹṣin bá kúrò, ayaba lọ.

Ọkùnrin kan wà ní Paris ní nǹkan bí ọ̀rúndún 18, Légal lorúkọ rẹ̀, òun ló kọ́ Philidor, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ Faransé ayé ìgbà náà, ní ṣẹ́ẹ̀sì. Òun ló fi han ayé pé ẹṣin tí wọ́n dè yẹn lè fo, kó fi ayaba sílẹ̀, kí ọba dúdú sì kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ìtàn yìí. Àwọn tó mọ ìgbà tí kì í ṣiṣẹ́ kò pọ̀, ibẹ̀ sì ni owó wà.

Bí ẹ bá fi ẹṣin jẹ e5 lójú ẹsẹ̀, 5.Nxe5, ẹ ti ṣubú. Ẹṣin dúdú tó wà ní c6 á jẹ ẹṣin yín. Láti e5 tó dé yẹn, ó ń ṣọ́ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní g4. Bí ayaba yín bá jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin á jẹ ayaba. Odidi ẹṣin kan ti lọ lọ́wọ́ yín lásán.

Ẹ kọ́kọ́ sún pọ́ọ̀nù kékeré etí ọpọ́n: 5.h3. Ẹ bi í léèrè ibi tó ń lọ. Bó bá fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ ẹṣin, ẹ fi ayaba jẹ padà; ayaba àti bíṣọ́ọ̀bù yín ti jọ ń wo f7 nìyẹn, ó sì di dandan kó wá nǹkan ṣe sí i. Bó bá fà á sẹ́yìn lọ sí h5 kó lè máa de ẹṣin yín lọ, ìgbà náà ni kí ẹ ta 6.Nxe5.

Kí ló yàtọ̀? Ẹṣin dúdú tó bá dé e5 kò lè ṣọ́ h5. Ilé kan péré tí bíṣọ́ọ̀bù yẹn fi sún ló yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà mẹ́ta tó kù fún un:

Bó bá ṣojúkòkòrò, tó jẹ ayaba, 6...Bxd1, ẹ ta 7.Bxf7+. Ibì kan ṣoṣo ni ọba rẹ̀ lè sá sí, e7. Ẹ gbé ẹṣin kejì wá sí d5. Ọba ti kú. Ẹṣin méjì àti bíṣọ́ọ̀bù kan ló pa á, ayaba yín ti kúrò láyé kó tó ṣẹlẹ̀.

Bó bá fi pọ́ọ̀nù jẹ ẹṣin, 6...dxe5, ayaba yín á jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní h5. Ẹ ti fi pọ́ọ̀nù kan là á.

Bó bá fi ẹṣin jẹ, 6...Nxe5, ẹ ta 7.Qxh5. Òun á jẹ bíṣọ́ọ̀bù yín, 7...Nxc4, á rò pé òun ti fi odidi ọmọ ayò là yín. Ayaba yín á wá rọra bọ́ sí b5: ṣẹ́ẹ̀kì, ó sì ń wo ẹṣin c4 lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti dínà ṣẹ́ẹ̀kì tán, ẹ jẹ ẹṣin náà. Pọ́ọ̀nù kan lẹ fi là á níbí pẹ̀lú.

Ẹ má wá torí ikú ọba ta á o. Èyí tó gbọ́n nínú wọn kò ní jẹ ayaba yín. Pọ́ọ̀nù kan yẹn ni ẹ ń wá. Bó bá fi òmùgọ̀ kún un, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni.

Bí dúdú bá mú ẹṣin kejì jáde

3...Nf6. Ọ̀fun á máa dá yín tòlótòló láti ta 4.Ng5, kí ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù yín jọ wo f7. Dúdú á dínà pẹ̀lú 4...d5, ẹ ó jẹ ẹ́, 5.exd5, bó bá sì fi ẹṣin jẹ padà, ẹṣin yín lè bẹ́ sí f7 kó fa ọba jáde sí gbangba. Ẹ̀dọ̀ díndín ni òyìnbó ń pe ìyẹn, ó sì dùn lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti kàwé kò ní jẹ d5. Yóò gbé ẹṣin rẹ̀ sí a5, á lé bíṣọ́ọ̀bù yín káàkiri. Ẹ̀yin á ní pọ́ọ̀nù kan lé, òun á ní gbogbo eré.

Lábẹ́ igi, tí aago ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta bá ń ké, mo máa ń ta 4.Ng5. Nínú ìdíje, 4.d3 ni mò ń ta. Ó ń ṣọ́ e4, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún bíṣọ́ọ̀bù kejì. Kò sí ohun tó ń lé wa.

Ọ̀nà pẹ̀lẹ́

Ẹni tó mọ ayò á ta 3...Bc5. Níbí, kò sí ẹbìtì kankan tó máa parí rẹ̀ kíá. Ẹ máa kọ́lé ni. Ẹ ta 4.c3, kó lè ti d4 lẹ́yìn lọ́jọ́ iwájú. Lẹ́yìn náà d3, ẹ fi ọba wọlé, ẹ gbé rúùkù lọ sí e1.

Rúùkù yẹn ní iṣẹ́ méjì. Ó ń ṣọ́ e4, èyí hàn sí gbogbo ènìyàn. Èkejì ni pé ó kúrò ní f1 kí ẹṣin lè ráyè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹṣin apá ayaba á rìn láti b1 lọ d2, láti d2 lọ f1, láti f1 lọ g3, níbi tó ti ń wo f5. Ìrìn mẹ́ta ni, ó gùn bí ìrìn ẹni tó wọ ọkọ̀ láti Yaba lọ Obaléǹdé tó wá gba CMS padà. Ṣùgbọ́n àárín ti tì, kò sẹ́ni tó lè yára kọlù yín, ẹ ráyè.

Ẹ tún sún pọ́ọ̀nù a lọ sí a4 kó tó pẹ́. Mo ṣe ọdún kan kí n tó mọ ohun tó wà fún. Dúdú máa ń gbé ẹṣin rẹ̀ sí a5 láti fi bíṣọ́ọ̀bù c4 pààrọ̀. Bí pọ́ọ̀nù bá ti kúrò ní a2, bíṣọ́ọ̀bù ní ilé tó lè sá pamọ́ sí, yóò sì máa wo f7 láti ibẹ̀ bó ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀. h3 náà wà fún ohun tí a ti sọ: kí bíṣọ́ọ̀bù dúdú má ráyè g4.

Ìgbà wo wá ni d4? Nígbà tí ẹṣin f3, pọ́ọ̀nù c3 àti rúùkù e1 bá ti wà nípò, tí ẹ sì ti bi ara yín pé, "Bó bá jẹ d4, kí ni mo fi ń jẹ padà? Ta ló ń ṣọ́ e4?" Bí ìbéèrè kan bá wà tí ẹ kò lè dáhùn, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i.

Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò ta e5

Dúdú lè fi c5, e6 tàbí c6 dá e4 yín lóhùn. Kò sí Ítálì nínú ìyẹn. Ẹ mú àwọn ẹṣin jáde, ẹ fi ọba wọlé, ẹ kọ orúkọ ohun tó ta sínú ìwé yín kí ẹ lọ kà á nílé. Ìpele àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, e5 ló pọ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú

Lichess, ibi tí a ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí fóònù, kò gba kọ́bọ̀, kìkì dátà díẹ̀ ni. Ẹ ta ayò ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, Ítálì nìkan ṣoṣo. Nígbà tó bá parí, kí ẹ tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tú u wò fún yín, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ibi tí ẹ rò pé ẹ ti ṣìnà. Kọ̀ǹpútà á sọ òtítọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wá a fúnra rẹ̀ kì í rántí. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kò burú. Ẹ tẹ́ ọpọ́n, ẹ tan fìtílà, ẹ tún ta ẹbìtì d4 yẹn lójú méjèèjì títí ọwọ́ yín yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ìwé àádọ́ta ewé kan ni mo ní. Èyí tí mo pàdánù nìkan ni mo ń kọ sí i.

Ẹ má sì fojú kéré ọmọdé. Láti ọdún 2018 tí Tunde Onakoya ti dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, àwọn ọmọ Makoko àti Majidun ní Ìkòròdú ti ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì gidi. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, òun fúnra rẹ̀ ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square, New York, láti fi wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Ọmọ tó bá jókòó síwájú yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ lè ti ta ju yín lọ lóṣù yìí nìkan.

Lọ́jọ́ ìdíje

Ẹ tètè jáde nílé. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Erékùṣù Èkó, ẹ̀yin náà mọ Third Mainland. Olùṣètò ló ń dá iye ìṣẹ́jú tí ènìyàn lè fi pẹ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ti pàdánù láìfọwọ́ kan pọ́ọ̀nù.

Ẹ pa fóònù yín pátápátá, ẹ má kàn pa ohùn rẹ̀. Mo ti rí ẹni tí àlàámù àdúrà gba ayò mọ́ lọ́wọ́.

Ọmọ ayò tí ẹ bá fọwọ́ kàn, òun ni ẹ máa ta. Bó bá wọ́, tí ẹ kàn fẹ́ tò ó dáadáa, ẹ kọ́kọ́ wí i sókè pé ẹ ń tò ó ni, kí ọwọ́ yín tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ń fi ọba wọlé, ọwọ́ kan ni kí ẹ lò, ọba ni kí ẹ sì kọ́kọ́ gbé. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ́kọ́ di rúùkù mú kò lè fi ọba wọlé lápá ibẹ̀ mọ́, ìgbésẹ̀ rúùkù ló máa ta. Ọwọ́ tí ẹ fi ta ayò náà ni kí ẹ fi tẹ aago. Ẹ ta á kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin kò gbà kí ènìyàn kọ ọ́ ṣáájú. Bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ má bá ẹnìkejì yín jiyàn. Ẹ dá aago dúró, ẹ nawọ́ sókè, kí adájọ́ wá.

Ẹ sì mu omi. Gbọ̀ngán máa ń gbóná.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ayò ìgbésẹ̀ méje yẹn, mo padà sí gbọ̀ngán yẹn kan náà. Ní ìpele kẹta, wọ́n fi mí kojú ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. e4, e5. Ẹṣin, ẹṣin. Bíṣọ́ọ̀bù. Ó ta d6. Mo mú ẹṣin kejì jáde, ó gbé bíṣọ́ọ̀bù lé g4 bí ẹni fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Mo sún h3. Ó fà á sẹ́yìn sí h5. Àyà mi ń lù kìkì, mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ń ka ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan: bó bá jẹ ayaba, bó bá fi pọ́ọ̀nù jẹ, bó bá fi ẹṣin jẹ. Lẹ́yìn náà mo jẹ e5.

Kò jẹ ayaba. Ó gbé orí sókè wò mí, ó fi ẹṣin jẹ, gbogbo rẹ̀ sì lọ bí mo ṣe kà á títí dé b5. Pọ́ọ̀nù kan ni mo fi là á, pọ́ọ̀nù náà ni mo rọra tì títí tó fi di ayaba ní ìgbésẹ̀ 52.

Nígbà tí mo jáde, ọmọ ọjọ́sí wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pọ́fù-pọ́fù rẹ̀. Ó ti dúró lẹ́yìn tábìlì wa fún ìgbà díẹ̀ láìjẹ́ pé mo rí i. Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé yín." A tẹ́ ọpọ́n rọ́bà sórí bẹ́ǹṣì. Ó nu ọwọ́ òróró rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó tò ó padà dé ìgbésẹ̀ 23, ó sì fi hàn mí ibi tí ọkùnrin náà ì bá ti jẹ rúùkù mi lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa méjèèjì kò rí i. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ayò tí mo pàdánù.